Iṣẹ́ tí Hàmídù Fi Sábẹ́ Orúkọ Ara Rẹ̀

Ọmọ Ìfọ́n ni Hàmídù, ṣùgbọ́n Gánà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìjọba Gánà lé wọn wálé lọ́dún 1969, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kùmásì. Bàbá náà ò gbàgbé. Ó máa ń sọ fún Hàmídù pé, "Má kọ́ ẹnikẹ́ni tán." Hàmídù gbà á gbọ́.

Iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan l'Óṣogbo ló ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ti orí tábìlì o. Ńlá ni, ó dá yàrá gbé. Òun ló kọ ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín sí: èyí tí èèyàn fọwọ́ kọ, àti èyí tí ẹ̀rọ sọ ọ́ dà kó tó lè lò ó. Ó dà bíi ti tẹ́lọ̀. Aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ òmíràn, pépà tó fi gé e ló máa wá. Bí ètò náà bá máa yí, èyí téèyàn fọwọ́ kọ ni wọ́n máa tún ṣe.

Lálaalẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe ẹ̀dà ohun tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ sórí téèpù. Hàmídù kó èyí tó fọwọ́ kọ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Téèpù ò débẹ̀.

Malikah, ọmọ Ìlobù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, rí i.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kó o mọ́ ti iléeṣẹ́."

"Ṣé o ti fẹ́ jogún mi ni?"

"Háà! Ẹ ṣe wá ń ṣe bí ìyálé tó ń fi iyọ̀ pamọ́ fún ìyàwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò kó o.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ ní kí wọ́n yọ orúkọ ẹni tó bá ti lọ kúrò nínú ẹ̀rọ. Malikah pè é lórí fóònù.

"Ọ̀gá, bí mo bá yọ orúkọ yín, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa bá a lọ o."

"Yọ ọ́. Ẹ̀dà tèmi wà nílé."

Malikah yọ ọ́. Òótọ́ ni, téèpù kan wà nínú àpótí irin Hàmídù. Kò gbé e sẹ́rọ wò rí.

Ìjọba yí bí wọ́n ṣe ń yọ owó orí padà. Ètò owó oṣù náà ní láti yí. Iléeṣẹ́ ránṣẹ́ sí Hàmídù. Inú rẹ̀ dùn. Ó wọ aṣọ Jímọ̀, ó gbé téèpù dání.

Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà. Ó fi fìlà nu téèpù náà, ó tún tì í bọnú ẹ̀rọ. Òfo.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ ṣe é?"

"Rárá."

Kò rántí ohun tó kọ tó bẹ́ẹ̀ láti tún un kọ. Iléeṣẹ́ ra ètò mìíràn, àwọn tó tà á sì kó èèyàn tiwọn wá. Wọ́n ní kí Malikah máa lọ sílé.

Ó ti ń ta pírófíṣọ̀n báyìí létí ọ̀nà ní Ìlobù. Hàmídù máa ń yà níbẹ̀. Malikah yóò kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi." Hàmídù yóò ra bisikíìtì tí kò ní eyín tó máa fi jẹ ẹ́. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ń lọ ni òun máa ń fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó foríji òun. Títí di òní, bisikíìtì náà ló ń rà.