Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Kò Jẹ̀bi

Ìró irin lára ògiri ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí igbe ìyá mi. Ojúde ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n gbé mọ́tò tí mo rà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì kejì nígbà náà, mo sì gbà pé mọ́tò tí kò bá ní bọ́tìnnì púpọ̀ kò yẹ ọ̀mọ̀wé. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà èyí. Ẹni tó tà á ti ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi nìkan: lórí "Eco", mọ́tò á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ á wọlé dáadáa kó tó dáhùn, lórí "Sport", ọwọ́ ìdarí á le, ẹ́ńjìnnì á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, bí ẹsẹ̀ bá sì kan tọ́tù tí a fi ń mú mọ́tò sáré pẹ́nrẹ́n, ó ti fò.

Nílé wa, àgbà tó mọ mọ́tò wà jù ló ń kọ́kọ́ wa mọ́tò tuntun, ìyá onímọ́tò á sì da omi tútù síwájú táyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni àgbà náà. Wọ́n ti fi takisí ná Ìjẹ̀bú-Imusin títí, takisí tó jẹ́ pé bí o kò bá tẹ tọ́tù dé ìdajì, kò ní mira.

Ọ̀gbẹ́ni tó ta mọ́tò wà á wọlé lórí "Sport" kí ẹnu lè yà wá. Kò pa á. Kò dá bọ́tìnnì padà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé, kí ẹ jayé orí yín." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe bísímílà, wọ́n tẹ tọ́tù dé ìdajì.

Mọ́tò náà ta síwájú, ó gbá ìyá mi tàwo omi tàwo omi, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri. Mo gbọ́ bí egungun itan wọn ṣe dá. Kí a tó ti mọ́tò sẹ́yìn, àbúrò mi ti fi ọrùn agbádá fa ẹ̀gbọ́n bàbá wa jáde, ó gbá wọn létí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ bọ́ lẹ́nu wọn. Èmi di ọrùn ọ̀gbẹ́ni náà mú, mo ń gbá orí rẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò títí gíláàsì náà fi là.

Nípàdé ẹbí, wọ́n ní ojú àgbà náà ti fọ́. Àǹtí wa kan tilẹ̀ ní ìlara ló ṣe é. Gbólóhùn kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi dáhùn: "Ẹsẹ̀ mi kò ṣe ohun tí kò ṣe rí."

Mo fi mọ́tò náà gbé àbúrò mi lọ sí pápá gbalasa kan ní Ijagun, mo ní kó tẹ tọ́tù dé ìdajì lórí "Eco". Mọ́tò rọra lọ. Mo yí i sí "Sport", mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Díẹ̀ ló kù kó pa wá mọ́ ara igi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dojúbolẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa.

Wọ́n ní kó dìde. Èmi ni wọ́n wá kọjú sí. "Ìwọ tó mọ bọ́tìnnì ńkọ́? Nígbà tí mọ́tò wọlé, o kò rí ibi tí bọ́tìnnì wà?"

Mo rí i. Lẹ́tà pupa ni mọ́tò fi kọ "Sport" síwájú awakọ̀. Àwọn aládùúgbò ń wò, kíkùn ẹ́ńjìnnì sì ń dùn mọ́ mi, mo bá panu mọ́. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìyá mi ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò di ọwọ́ ìdarí mú mọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹsẹ̀ wọn sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni wọ́n ń dárúkọ.