Òkú Orí Rédíò Tó Kí Wa ní Okun

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kàbà, ẹ̀rù ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, nígbà tí eré òkú bá bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò láti Ìlọrin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń ki okùn fóònù bọ etí, kí oníkálukú máa dá bẹ̀rù. Àwa, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò wa ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rù pọ̀.

Nínú eré náà, ọmọbìnrin kan kú sí ìdálẹ̀, ó wá ń padà wá kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn." Bó bá ti pè báyìí, télọ̀ á dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ní àdúgbò wa, a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò tíì rí, torí wọ́n ní ẹni tó bá dá òkú lóhùn yóò bá a lọ. Ṣe ni a máa ń panu mọ́ bí ẹni pé àwa ló ń pè.

Bí eré bá parí, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá yẹn ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn o!"

"Á ṣí i. Ṣebí abiyamọ ni."

Tíṣà kan wà tó ní tẹlifíṣọ̀n. Á ní, "Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ ò tíì rí nǹkan. Nílé tèmi, ojúkojú la ti ń rí òkú."

Télọ̀ á fèsì pé, "Òkú tó kun àtíkè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín? Ìyẹn ò lè dẹ́rù bà mí, Tíṣà."

Ìyá àgbà kan ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ti lọ sí Ìlọrin tipẹ́, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá yìí kì í dá sí ọ̀rọ̀ eré. Lọ́jọ́ kan, òkú náà kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀ bí àwa ṣe máa ń kíra wa: "Okun o, ìyá mi."

Ìyá ẹlẹ́pà dìde. Ẹ̀pà dà sílẹ̀. "Òo, ọmọ mi."

"Ẹ má dáhùn!" ni télọ̀ kígbe. "Òkú ni!"

"Ọmọ mi ni. Ta ló ń kí okun ní Ìlọrin?"

"Ìyá, àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Ìlọrin bí yanrìn," ni Tíṣà wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí òkú bá ti pè, ìyá á dáhùn. Ìyá tó bí mi bi í bóyá ẹ̀rù kì í bà á. Ó ní, "Bí mo bá dá a lóhùn, bóyá mo lè kú. Bí n kò bá dá a lóhùn, mo ti gbà pé òun ló kú nìyẹn."

Kò pẹ́, wọ́n gbé eré náà wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá mú ìyá lọ sí pálọ̀ rẹ̀, gbogbo wa sì tẹ̀lé wọn. Òkú yọ. Àtíkè funfun bo ojú rẹ̀ pátá. "Okun o, ìyá mi." Ohùn kan náà ni. Ìyá rá lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi etí ìró rẹ̀ nu dígí náà, ó tún nu ún. Ó wá yíjú sí wa.

"Ẹ bá mi nu ojú rẹ̀," ló wí, "kí n rí i."

Tíṣà bojú wòta.

Télọ̀ gba Ìlọrin lọ láti lọ wádìí ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ohun tó mú bọ̀ kò ju èyí lọ: "Wọ́n ní obìnrin tó ń ṣe òkú ti fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò mọ ibi tó gbà." Nígbà tí mo di akọ̀ròyìn, èmi náà bèèrè, n kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ayé ti yí padà. Mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣe ń bá ará Àbújá àti ará Lọ́ńdọ̀nù jiyàn eré adẹ́rùbani lórí fóònù. Bí ohùn kan bá wù wọ́n, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún un gbọ́, wọ́n á sì wá orúkọ ẹni tó ni ín jáde. Ní ayé tiwa, ohùn tó bá kọjá ti lọ nìyẹn. Wọ́n bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé ọmọ ìyá ẹlẹ́pà ni lóòótọ́?" Mo ní n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé títí ìyá fi jáde láyé, kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

Ilé náà ti wó báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, tí ẹnì kan kí mi ní "Okun o" láti ẹ̀yìn, mo máa ń yíjú wò ó ná kí n tó dáhùn.