Òróró Lára Ìbọn Tẹjúmọ́lá

Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin tó bá fẹ́ ọlọ́pàá, tó sì tún bí ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í bà á lẹ́rù mọ́. Irọ́ ńlá gbáà ni. Ẹ lọ bi Dìákónéèsì Àtọ́kẹ́ Ikúbọlájẹ́ ní Baṣọ̀run. Bí ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ márúwá bá dún gbàù lójú títì báyìí, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti bá màmá yìí, tòun ti gèlè lórí, yóò máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Àmọ́ bí ẹ bá jókòó tì í dáadáa, yóò sọ fún yín pé ìbọn kan wà tó bani lẹ́rù ju èyí tó dún lọ. Ìyẹn ni ìbọn tí wọ́n fà tí kò dún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Sájẹ́ǹtì Simon Ikúbọlájẹ́, ará Ọ̀wọ̀ tó wá ṣiṣẹ́ ọba ní Ìbàdàn, ló kọjú sí àwọn adigunjalè lọ́jọ́ kan. Ó fa ìbọn, ìbọn dákẹ́. Ó tún un fà, ó dákẹ́. Kò padà wálé. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tẹjúmọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nígbà náà. Nígbà tí ọmọ yìí wá dàgbà tó ní iṣẹ́ bàbá òun lòun fẹ́ ṣe, ìyá rẹ̀ sunkún, ó gbààwẹ̀, ó tiẹ̀ fi ọkọ lọ̀ ọ́, akáúńtáǹtì gidi ní Ring Road. Tẹjúmọ́lá ní kí akáúńtáǹtì máa lọ ní àlàáfíà.

Ó wọṣẹ́ tán, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n fi í sí. Ọdún dé, ọdún lọ, ẹjọ́ ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù àti ti àwọn obìnrin tó fa irun ara wọn tu nídìí omi ló ń kọ sílẹ̀. Ó ti fẹ́ sú u. Àfi bí adájọ́ obìnrin kan ní Bódìjà ṣe ní obìnrin ni òun fẹ́ kó máa ṣọ́ òun, ẹni tó mọ ìbọn yìn dáadáa. Wọ́n mú Tẹjúmọ́lá. Wọ́n fún un ní ìbọn ìléwọ́ tuntun, wọ́n ní kó fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀ ní pápá ìyìnbọn ní Ẹlẹ́yẹlé. Bó bá yege, ó di ẹ̀ṣọ́ adájọ́. Bó bá kùnà, ẹjọ́ ewúrẹ́ ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ tó gbé ìbọn náà wálé, ìyá rẹ̀ yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nǹkan kékeré dúdú, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó lè wà ní ìbàdí kó má hàn lábẹ́ ẹ̀wù.

"Èyí náà ni ìbọn?" ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ṣé kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣáná sí gáàsì ni wọ́n gbé fún ọ?"

"Màmá, ìbọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án fún? Orí mi pé."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o.

Ògúnsànyà, bàbá àgbà tó ń tọ́jú ìbọn ní àgọ́ wọn, ti kìlọ̀ fún Tẹjúmọ́lá pé bàtà tuntun ni ìbọn tuntun, ó ní láti ta ẹsẹ̀ èèyàn ná kó tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin rẹ̀ ṣì le, sípíríǹgì rẹ̀ ṣì le, ọta lè há nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kó máa yìn ín dáadáa ní pápá. Bó bá délé, kó tú u, kó nù ún, kó fi búrọ́ọ̀ṣì họ inú ẹnu rẹ̀, kó kán epo ìbọn síbi tí irin ti ń ha irin, kó sì tún nu epo náà kúrò. Ó ní epo tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdọ̀tí ló ń pè. Àkọ̀ ìbọn náà tuntun, awọ rẹ̀ gan bíi pákó. Ó ní kó máa gbé ìbọn sínú rẹ̀ láìsí ọta, kó máa so ó mọ́dìí káàkiri ilé títí ara méjèèjì yóò fi rọ̀.

Bí Tẹjúmọ́lá ṣe di ẹni tó ń gbálẹ̀ tòun ti ìbọn nìyẹn. Ó ń fọ abọ́, ìbọn wà ní ìbàdí. Ó ń ro ẹ̀bà, ìbọn wà ní ìbàdí. Akáúńtáǹtì Ring Road tún padà wá dán orí wò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé páálí mọ́ọ̀tì dání. Tẹjúmọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti gbé àga fún un, ẹ̀wù ká sókè, ọkùnrin náà rí ohun tó rí. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò. Nǹkan náà ṣì wà nínú mọ́tò náà títí di òní. Mọ́ọ̀tì rẹ̀ ni wọ́n mu tán.

Lálaalẹ́ ni Tẹjúmọ́lá máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní pálọ̀, tí yóò tú ìbọn ká bí ẹni kun adìyẹ. Ìyá rẹ̀ a jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, a máa ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sí lára ẹ̀wà.

"Ẹ̀kán kan ṣoṣo lo kán sí i yẹn?"

"Ó tó, Màmá."

"Ó tó bí i ti báwo? Irú ahun wo nìyí? Èmi ò tọ́ ọ báyìí o."

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó kàn ṣì le díẹ̀ ni. Ọta há lẹ́nu rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n Bàbá Ògúnsànyà ní yóò rọ̀."

Ọta há. Àtọ́kẹ́ kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ó wo ẹ̀kán epo yẹn, ó sì dá a lójú pé irú ahun báyìí náà ló pa Simon òun. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe fi epo du ìbọn tiẹ̀ náà? Epo tí ẹnìkan kò tiẹ̀ gbàdúrà sí!

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ìdánwò wáyé, Tẹjúmọ́lá nu ìbọn tán, ó tò ó padà, ó fi sínú àkọ̀, ó fi kọ́ ara ìṣó lókè ibùsùn rẹ̀. Inú àpótí irin tó tì pa ni ọta wà. Ó wá wọ balùwẹ̀ lọ. Bó ṣe ń kọrin nínú omi ni ìyá rẹ̀ ń yọ́ wọ yàrá, tòun ti ìgò òróró àdúrà.

Òróró yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ òróró. Orúnkún Àtọ́kẹ́ ti rí ìwòsàn lára rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ láti dìde, wọ́n fi sí i lára, ó dìde. Oyin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ló pò ó mọ́ ọn, kí ayé ẹni tí wọ́n bá fi pa lára lè dùn.

Ó fi ìka méjì yọ ìbọn bí ẹni yọ eku tó kú. Ó di ojú. "Ìwọ ìbọn yìí, o ò ní dójú ti ọmọ mi. Nígbà tó bá pè ọ́, wàá dáhùn." Ó wá dà á. Ó dà á sí ẹnu ìbọn, ó dà á sí gbogbo ihò tó rí, ó tiẹ̀ fa ilé ọta yọ nídìí rẹ̀ bó ṣe ti ń rí i tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, ó fi òróró sí ìyẹn náà. Ó fi etí ìró nu ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó dá a padà sínú àkọ̀. Ó pẹ́ tó ti sùn dáadáa bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Tẹjúmọ́lá wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí àga, ó bú sẹ́kún.

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó há, Màmá. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó há. Mo ti rí i láàárọ̀ pé ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo rò pé òógùn ẹ̀rù ni. Mo fà á sẹ́yìn, kò wá. Lẹ́yìn náà ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde."

"Èèrà?"

"Èèrà! Wọ́n tò jáde lẹ́nu ìbọn bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá Akínbíyì tó ń dán wa wò bi mí pé, 'Kọ́púrà, ìbọn lo gbé wá ni àbí ṣúgà?' Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní epo burúkú ni Bàbá Ògúnsànyà fún mi, wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́la. Bàbá tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì! Lọ́la náà ni wọ́n máa fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí adájọ́."

Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àtọ́kẹ́ dá jókòó sí pálọ̀. Ojú tì í. Bí òun bá dákẹ́ ńkọ́? Èèrà kò kúkú lè jẹ́rìí. Ó dìde, ó tún jókòó. Gbogbo ohun tó ti ń sá fún láti ìgbà tí Simon ti kú, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọmọ òun. Bó bá jẹ́ adigunjalè ló wà níwájú Tẹjúmọ́lá láàárọ̀ yẹn ńkọ́? Èrò yìí ló mú un sunkún, ó fi ìró di ẹnu kí ọmọ má baà gbọ́.

Tẹjúmọ́lá ti lọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó jáde. Aṣọ funfun tí Àtọ́kẹ́ ń wọ̀ pín oúnjẹ Olúwa ló wọ̀, tòun ti fìlà rẹ̀. Ó wọ takisí máíkírà lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mo wá jẹ́wọ́," ló wí fún ọlọ́pàá tó wà ní ẹnu géètì.

Ọlọ́pàá náà nà tàntàn. "Ta lẹ pa, Màmá?"

"N kò pa ẹnì kankan. Mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ."

Ó bá Ọ̀gá Akínbíyì nídìí tábìlì. Ògúnsànyà dúró, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, Tẹjúmọ́lá nà gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò sì padé mọ́.

Àtọ́kẹ́ gbé ìgò òróró ka orí tábìlì. "Ẹ má fìyà jẹ bàbá yìí o. Èmi ni mo dà á sí i."

"Kí lẹ dà sí kí ni, Màmá?" ni ọ̀gá bi í.

"Òróró àdúrà. Mo dà á sínú ìbọn." Ó gbé ohùn sílẹ̀. "Oyin díẹ̀ wà nínú rẹ̀."

"Oyin!" Ògúnsànyà pariwo bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Mo wí! Mo ti ń wí láti àná pé oyin ni mo ń gbóòórùn, wọ́n ní orí mi ti ń dàrú!"

"Màmá," ni Tẹjúmọ́lá wí, "kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ti bàbá rẹ kò dún." Àtọ́kẹ́ kọjú sí i. "Wọ́n ní ó fà á, kò dún. Èmi ò fẹ́ kí tìrẹ náà dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbọn ò ju ìyẹn lọ."

Ọ̀gá Akínbíyì gbé ìgò, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni láti fọwọ́ kan ìbọn ìjọba? Mo lè tì yín mọ́lé báyìí."

"Mo mọ̀." Àtọ́kẹ́ ṣí àpò rẹ̀. "Mo ti mú aṣọ ìsùn àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání."

Ọ̀gá fẹ́ mú ojú le, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó kọjú sí Tẹjúmọ́lá, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. "Ìwọ lo jẹ̀bi jù. Ìbọn tí o kò yẹ̀ wò láàárọ̀, kì í ṣe tìrẹ. Ẹ lọ fọ̀ ọ́. Bó bá ti gbẹ, wàá tún un yìn. Lẹ́ẹ̀kan yìí péré."

Tẹjúmọ́lá àti Ògúnsànyà tú ìbọn náà, wọ́n fọ oyin, wọ́n fọ èèrà, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n ní kí Àtọ́kẹ́ lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ògiri pápá. Kò sí tábìlì kankan níbẹ̀ tí ì bá sá sábẹ́ rẹ̀. Ó di àga mú.

Gbàù!

"Àmín!" ni Àtọ́kẹ́ ké.

Gbàù! "Àmín!" Gbàù! "Àmín, Jésù!" Àwọn ọlọ́pàá tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wo ìyá aláṣọ funfun tó ń ṣe àmín sí ìró ìbọn, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àmín há sí Àtọ́kẹ́ lẹ́nu. Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. "Simon," ló wí jẹ́jẹ́, "bá mi bẹ ìbọn yẹn."

Gbàù!

Kò lè ṣe àmín mọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Tẹjúmọ́lá jáde, òógùn bò ó. "Wọ́n ní kí n lọ bá adájọ́ lọ́jọ́ Ajé." Ìyá rẹ̀ fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ọmọ yára gbá a mú.

"Màmá, òróró yẹn ṣì kù?"

"Màá dà á nù, ọmọ mi. Mo búra."

"Ẹ má dà á nù." Tẹjúmọ́lá ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ sínú ewé máńgòrò níwájú ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún mi. Orí mi ni kí ẹ dà á sí."

Ògúnsànyà ké láti ẹnu ọ̀nà pápá pé, "Ẹ̀kán kan o, Ìyá! Ẹ rántí èèrà!"

Àtọ́kẹ́ kò dá a lóhùn. Ó yọ ìgò náà nínú àpò, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì da gbogbo òróró náà sí i lórí.