Ìwọ́de Tí A Ṣe ní Ilare Nítorí Pápá Kánádà

Kì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí. Ìgbà òjò èṣí ni, nígbà tí àgbàdo tuntun ti kún ọjà, tí ẹrẹ̀ sì ti gba gbogbo ojú ọ̀nà Ilare ní Ifẹ̀ níbí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní yunifásítì. Mo ti ti géètì pa nítorí owó oṣù. Mo ti fa tajútajú símú títí imú mi fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ìwọ́de tí ọkàn mi fà mọ́ jù, mi ò ní mẹ́nu ba ọ̀kankan nínú ìyẹn. Ti Kánádà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kẹ́ ẹ rín díẹ̀, àwa náà rín in.

Ìyá Gbénró ló wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Aránṣọ ni, àdúgbò Ìlódè ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Gbénró ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bọ́ọ̀lù ló sì gbé e lọ sí Kánádà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù náà kò fún un lóúnjẹ. Lọ́sàn-án, á máa ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Nírọ̀lẹ́, á lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú kékeré tó ń gbé.

Wàyí o, líìgì ńlá kan níbẹ̀, líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ń wá ìlú tuntun tí wọ́n máa gbà wọlé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú náà ní pápá gidi, àti bóyá ó ní èèyàn tí yóò máa wá wòran. Ẹgbẹ́ Gbénró wá ní kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wá alátìlẹ́yìn, kí wọ́n ya fídíò, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí líìgì bá mú ìlú yẹn, Gbénró di ẹni tó ń gbowó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù. Bí wọn kò bá mú un, ó parí nìyẹn.

"Bàbá Akọ̀wé," ìyá rẹ̀ sọ fún mi, "ó ní kí n wá èèyàn díẹ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jáde."

"Ìyá Gbénró, ṣé ìlú òyìnbó lẹ fẹ́ kí n wọ́de fún?"

"Ọmọ mi ni kẹ́ ẹ wọ́de fún."

Mo dìde, mo wá fìlà mi.

Ọjọ́ Sátidé la jáde, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ilare, níbi tí Gbénró ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Háà, èrò! Àwọn aránṣọ wá, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá láti Ìlódè, àwọn ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà wọn tì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè pe orúkọ ìlú náà délẹ̀, a bá kọ ọ́ sára páálí pé: Ẹ MÚ ÌLÚ GBÉNRÓ. Bàbá àgbà kan ará Ìlódè fi ọ̀pá kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ìlú yòówù tó bá wà lókè òkun, àbúrò Ifẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìlú wọn ló ń sọ̀rọ̀ yìí o." Gbogbo wa kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ bá àgbà jiyàn?

Ibẹ̀ la wà tí ọlọ́pàá méjì fi dé.

"Bàbá, kí ni ìjọba ṣe fún yín?"

"A ò bá ìjọba jà lónìí," mo dá wọn lóhùn. "Kánádà là ń bá sọ̀rọ̀."

Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn wò mí, ó wo páálí, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò lọ mọ́. Àwọn náà bọ́ sáàárín èrò.

Lánre onífọ́tò, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibẹ̀, ló ń ya wá. Ó ṣàdédé gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, òpó gòólù yẹn ń wọ inú fídíò o! Ọparun ni, ó sì ti tẹ̀. Bí àwọn tó ń wá pápá bá rí i ńkọ́?" Ojú tì wá. Ẹ sáà mọ ìṣe wa: bí àlejò bá ti ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo wúruwùru ilé á wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó èèyàn lọ síwájú òpó náà, tí a fi gèlè àti fìlà bò ó mọ́lẹ̀. Èmi gan-an ni mò ń darí wọn. "Ẹ sún mọ́ra! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga, ẹ bọ́ sẹ́yìn!"

Ó kan Ìyá Gbénró láti sọ̀rọ̀. Mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kó na ọwọ́ sókè, kó kígbe pé ìlú wa kúnjú òṣùwọ̀n. Obìnrin yìí bọ́ síwájú, ó ká ìró rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú koríko tútù.

"Ẹ dìde, ìyá!" mo pariwo. "Ìwọ́de kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀tọ́ là ń bèèrè!"

"Ẹ̀tọ́ ta ni?" Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé èmi ni mo ni Kánádà?"

Ló bá kọjú sí Lánre. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ìlú. Èmi ni ìyá Gbénró. Bí ẹ bá mú ìlú yẹn, inú mi á dùn. Ẹ bá mi máa bojú wò ó, nítorí kì í sọ bí nǹkan bá ń dùn ún. Bí ẹ ò bá sì mú un, ẹ má jẹ́ kó máa rìn kiri nínú òtútù. Ẹ ní kó máa bọ̀ wálé. Àwa ò ní wo pápá ká tó gba ọmọ wa."

Ọlọ́pàá tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti fi fìlà nu ojú.

Inú bí mi, mi ò purọ́. Ṣé ẹni tó ń jà máa ń sọ ibi tí òun máa sá gbà ni? Mo ní kí Lánre gé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kúrò. Ìyá Gbénró ṣì ń gbọn koríko kúrò ní orúnkún. "Bàbá Akọ̀wé, bí ẹ bá gé ìyẹn, kí ló kù tí mo sọ?" Bó ṣe wà la ṣe fi ránṣẹ́.

Wọn ò mú ìlú náà. Ìlú ńlá kan tí pápá tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ ni wọ́n mú. Níbi tí Gbénró wà, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa kọ́ pápá sí, nítorí àwọn kan kò fẹ́ ariwo lẹ́bàá ilé wọn. Mo bú líìgì yẹn ní èdè Ifẹ̀ tó jinlẹ̀, kí wọ́n wá ògbufọ̀.

Kí ọyẹ́ tó dé, Gbénró ti wálé. Àmọ́ kò jáde. Ìyá rẹ̀ wá sọ fún mi pé, "Ọmọ ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì dé." Mo lọ bá a. Ó dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ dìde.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Gbogbo ìlú jáde nítorí mi, ọwọ́ òfo ni mo gbé wálé."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?" mo jágbe mọ́ ọn. "Àwa mọ ìlú yẹn rí ni? Ìwọ la mọ̀."

Ọmọkùnrin gìrìpá bú sẹ́kún, èmi àgbàlagbà náà kò sì lè ṣe ọkùnrin. Nígbà tí ó ṣe, ó mú fóònù rẹ̀, ó fi fídíò wa hàn mí.

"Bàbá, níbo ni òpó gòólù wà?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ dúró bò ó. Nínú yàrá mi lọ́hùn-ún, mo wo fídíò yìí títí, òun ni mò ń wá. Òun gan-an ni mo fẹ́ rí." Ó nu ojú. "Ẹ jáde nítorí pápá Kánádà. Ta ló jáde nítorí pápá tiwa yìí rí?"

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Mo ti pa òwe yẹn fún àwọn ọ̀gá yunifásítì láìmọye ìgbà. Ọjọ́ náà ni wọ́n pa á fún mi láì pa òwe kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ọmọ wálé, a dúpẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lálàá rẹ̀ láti kékeré ti bọ́, bó bá sì ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, nígbà mìíràn á kàn pa á kí eré tó parí. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ báyìí, lábẹ́ ọparun kan náà. Pápá yẹn ni gbèsè tó wà lọ́rùn wa.

Ní Sátidé tó kọjá, a tún jáde. A kò pọ̀ tó ti Kánádà; ti òkèèrè ló máa ń yá wa lára. Àwọn tí pápá yẹn wà níkàáwọ́ wọn la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tún un ṣe. Lánre gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó ń pariwo pé, "Ẹ yà! Ẹ yà, kí òpó gòólù hàn!" A yà sápá ọ̀tún, a yà sápá òsì.

Èmi náà ti kọ́gbọ́n. Mo ti mú aṣọ kan wá láti ilé, mo tẹ́ ẹ sórí koríko níwájú Ìyá Gbénró.

"Kí lèyí, Bàbá Akọ̀wé?"

"Kí orúnkún yín má baà tutù."

Ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ kúnlẹ̀? Ohun olóhun lèèyàn ń kúnlẹ̀ tọrọ. Tiwa lèyí."

Ó ká aṣọ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ dúró gbọin ti òpó ọparun.