Ẹ̀rọ Ìgégi Ọkọ Mi àti Gàrí Ìyá Rẹ̀

Òórùn pẹtiróòlù àti ti láfún ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà iyàrá wa ní Ìdèrè nígbà náà. Ti láfún kan díẹ̀, ó sì ń tuni lára. Ti pẹtiróòlù a máa gún ni nímú. Iyàrá kan náà la kó gbogbo rẹ̀ sí: láfún ìyá ọkọ mi ní igun kan, ẹ̀rọ ìgégi ọkọ mi ní igun kejì. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, àwọn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa kò sì ju mélòó kan lọ. Igi ìdáná ni ọkọ mi ń fi í gé fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Bí o bá rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kẹ́ ẹ̀rọ náà, o ó rò pé àwọn ló bí i. Bó bá ti toko dé, wọ́n á nù ún, wọ́n á wá àpò funfun tó mọ́ jù nínú ilé, wọ́n á fi wé e, wọ́n á sì so ó lẹ́nu kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ìyá ọkọ mi ti wú ẹ̀gẹ́ oko wọn, wọ́n ti rin ín tán, ó sì ti wà nínú àpò lábẹ́ òkúta di ọjọ́ kẹta. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ rírin kì í dúró deni. Bí a kò bá yan án lọ́jọ́ yẹn, ewúrẹ́ ni yóò jẹ iṣẹ́ wọn. Igi tútù nìkan ló sì kù ní ahéré tí wọ́n ti ń yan gàrí. Igi ayin gbígbẹ ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àmọ́ ṣe ni àáké ń ta padà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè gé e, ẹ̀rọ sì kọ̀, kò dáhùn.

Ó ti tó oṣù kan tó ti ń ṣe agídí. Mẹkáníìkì kan ní Ìgbó-Ọrà ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná rẹ̀, ó jí lọ́jọ́ náà, ó sì tún padà sídìí àrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi fa okùn rẹ̀ títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi yẹ̀. Ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀rọ yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.”  Ìyá rẹ̀ fọwọ́ lé àpò ẹ̀gẹ́ wọn, bí ẹni ń fọwọ́ lé orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi.

Mo sọ fún ọkọ mi pé, “Bàbá Ràfíù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé o rò pé orógùn ọkà ni?”

“Ká ní orógùn ni, ǹ bá ti fi ro ọkà jinná.”

Mo ti ń bá a mú sípánà lọ́wọ́ fún ọdún méjì, mo sì ti ń wò. Mo da epo inú rẹ̀ nù, mo rọ tuntun sí i. Mo tú púlọ́ọ̀gì: ó tutù rinrin, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo nù ún, mo fi kan ara irin, ọkọ mi fi ọwọ́ òsì fa okùn, iná sì ṣẹ́ pàrà. Mo dá a padà, mo fà á. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Títí awọ àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, mo jókòó sórí igi ayin náà láti sinmi. Ní ahéré, ìyá ọkọ mi ń fi igi tútù dáná, èéfín dúdú ń rú bò wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wa eérú tó dí ẹnu ààrò kúrò, ọwọ́ iná sì yọ díẹ̀. Èmi tí mo ti ń kó eérú ààrò láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nínú ẹ̀rọ, epo wà, iná wà, afẹ́fẹ́ ni kò sí.

Mo bi ọkọ mi pé, “Ibo ni nǹkan yìí ti ń mí?”

Ó fi ọmọrí kan hàn mí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo ṣí i. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, gbogbo ojú rẹ̀ sì ti dí pa, ó funfun báláú. Mo fi èékánná ha á, mo gbóòórùn rẹ̀. Láfún ni. Mo wo àpò funfun tó wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wé e lálaalẹ́. Àpò láfún tí wọ́n gbọ̀n ni, wọn kò fọ̀ ọ́.  Ọkọ mi náà ti rí i.

Ó rọra ní, “Má sọ fún wọn o.”

Mo fi pẹtiróòlù fọ asẹ́ náà nínú abọ́, mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a títí ó fi gbẹ, mo sì dá a padà. Nígbà tí mo fa okùn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ bú ramúramù, àwọn adìyẹ fọ́n ká. Ìyá ọkọ mi sáré jáde tọwọ́tẹsẹ̀. “Mo wí! Ẹ̀rọ tí mo tọ́jú báyìí, kò lè bàjẹ́!”  Ọkọ mi ń júwe, mo ń gé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, iná ayin ti ń jó lábẹ́ agbada, gàrí sì ti ń ta sókè. A kò pàdánù àpò kan.

Ìyá ọkọ mi wá na ọwọ́ sí àpò funfun wọn láti wé ẹ̀rọ náà. Mo sáré mú ògbólògbòó ìró mi kan wá. “Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ àpò yẹn. Ẹ fi èyí wé e.” Wọ́n wo ìró, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo abọ́ tí mo fi fọ asẹ́, tí ohun funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sí imú. Ta ni yóò sọ ohun tí láfún ń jẹ́ fún wọn? Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ìyàwó ilé ni mí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè di pé mo pe ìyá ọkọ mi ní ẹni tó ba ẹ̀rọ jẹ́.

Wọ́n kọjú sí àwọn obìnrin tó wà ní ahéré, wọ́n gbé ohùn sókè. “Ẹ má yin ọmọ mi o! Ìyàwó rẹ̀ ló jí ẹ̀rọ dìde. Èmi ni mo dí i nímú!” Wọ́n rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Ó ti pẹ́ tí ìyá ọkọ mi ti kú. Èmi náà ti di ìyá ọkọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, ooru sú wẹ́wẹ́ bo ọmọ-ọmọ mi lára, àwọn kan ní ọṣẹ ló fà á, àwọn kan ní omi ni. Aṣọ mẹ́ta ni mo máa ń fi wé e nítorí òtútù. Ìyàwó ọmọ mi dúró, ó ń wo aṣọ náà, mo sì mọ ìdúró yẹn. Mo ní, “Èmi ni mo bò ó jù.” Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi kó tó jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó wúwo lẹ́nu ìyá ọkọ mi náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n rín.