Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Kó Panu Mọ́

Àbúrò mi ni Olúdọ̀tun. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, inú máa ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi.

Yàrá kan ní Agbowó ló ń gbé, ó sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Baṣọ̀run. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn níbẹ̀, òyìnbó kan ló kọ ọ́, tó fi ta aráyé lọ́rẹ, tó ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe. Òyìnbó ti bá tiẹ̀ lọ tipẹ́. Ètò náà ń gbó, kò ní bàbá, kò ní ìyá, àfi Olúdọ̀tun.

Lọ́dún 1997, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun. Olúdọ̀tun ní láti jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun náà tún gbogbo ohun tí òyìnbó yẹn kọ kà látìbẹ̀rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá ń kìlọ̀: ibí ti gbó, ọ̀hún ò dáa tó. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò ju ariwo lọ, àmọ́ ọ̀kan ò jẹ́ kó sùn. Ó ní àyè tí wọ́n ń kó nọ́ńbà káàdì sí ti kéré jù.

"Àǹtí mi, bí ẹ bá da gàrí kóńgò kan sínú agolo mílíìkì, ṣé kò ní dànù? Bí nọ́ńbà bá kún ibẹ̀, á padà síbẹ̀rẹ̀, ẹni tuntun á wá bọ́ sórí káàdì ẹlòmíì."

"Kí lo wá ń wò? Lọ sọ fún ọ̀gá yín!"

Ó lọ. Ọ̀gá wọn, Dókítà Akínbíyìí, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà, àmọ́ ó ń kìlọ̀. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan kí n tún un ṣe."

"Ká dá iṣẹ́ dúró nítorí ìkìlọ̀? Pa á lẹ́nu mọ́, jàre!"

Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́: ọ̀rọ̀ kan lèèyàn máa tẹ̀, ẹ̀rọ ò ní kìlọ̀ mọ́. Olúdọ̀tun tẹ̀ ẹ́. Mo bú u títí. Ó ní, "Àǹtí mi, àgbà ni wọ́n. Ṣé kí n máa bá wọn jiyàn ni?"

Lọ́dún kejì, ara màámi ò yá, ibẹ̀ náà ni Olúdọ̀tun gbé wọn lọ. Màámi kì í gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìn, ara wọn kọ̀ ọ́. A sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú káàdì wọn lójú wa. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà màámi, àmọ́ àyè yẹn ti kún, káàdì obìnrin mìíràn ló jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n gún obìnrin yẹn ní pẹnisílìn. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì láti máa wò, kò wo orúkọ tó fi gún màámi. Mo jáde lọ ra ẹ̀kọ. Kí n tó dé, màámi ti kú.

Dókítà wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó mu omi, ó mirí. "Olúdọ̀tun, èyí tó dùn mí jù ni pé, kí ló dé tí ẹ̀rọ yẹn ò kìlọ̀ fún wa?"

Ẹ gbà mí o! Mo fò dìde. "Ó kìlọ̀! Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́!"

Mo wojú àbúrò mi kó gbè mí lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi, tó rí i, tó sọ ọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹ má dá àǹtí mi lóhùn."