Ojú Ewé Tí Ọ̀gá Kò Tíì Fọwọ́ Sí

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé bá wa láti Àkúrẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ni ọ̀rọ̀ ìkànnì yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ní ilé ìkàwé ti fi ìkéde sórí gúrúùpù tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń ṣe ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ náà, àdúrà àti àwòrán kéèkì sì ti bo ìkéde mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò wọlé, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà ti lọ jẹun, ìwé tuntun kún inú páálí láàárín yàrá ìkàwé, èmi sì wà ní ìkúnlẹ̀, mo ń nu kọ̀ǹpútà kan tí òjò jò sí. Ọ̀gá kò bínú lójú wọn. Ó dúró kí wọ́n lọ tán, ó wá pè mí sí ọ́fíìsì.

"Ìwọ lo máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe," ó ní. "Ṣe ibì kan fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ nìkan á máa wọ̀, tí a ó máa fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí. Mi ò fẹ́ rí kéèkì níbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Kí n tó padà dé ìdí tábìlì mi, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, oúnjẹ kì í dá lọ lọ́fun mi, ìdí mi kì í sì í gbé orí àga, àfi bí mo bá rí òpin rẹ̀.

Mo mú bírò, mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń wá tí wọn kì í rí. Ẹnì kan ní òun fẹ́ máa mọ iye ọjọ́ ìsinmi tó kù fún òun láìjẹ́ pé òun ń bẹ akọ̀wé. Òmíràn fẹ́ mọ ẹni tó yẹ ká pè bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò tan. Màmá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni mo bá kẹ́yìn, níbi tí a ti ń gba ìwé wọlé tí a sì ń lẹ èyí tó bá ya. Òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ nínú gbogbo wa. Ọmọ Ìkọ̀yà ni, ìlú ọkọ mi, nítorí náà kì í pe orúkọ mi. "Ìyàwó" ló ń pè mí, ì báà jẹ́ ojú ọ̀gá.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan," ó ní, kò gbójú kúrò lára ìwé tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. "Mo ti wà níbí kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọlé. Kí lẹ tún fẹ́ fi wá ṣe?"

"A ò fẹ́ fi yín ṣe nǹkan kan, Mà. Kó lè rọ̀ wá lọ́rùn ni."

Ó lẹ ẹ̀yìn ìwé náà tán, ó gbé òkúta lé e kó lè gbẹ. Mo ti kọjú sí ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀. "Bó bá lè sọ fún mi bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí, kí n tó gun ọ̀kadà kúrò ní Ìkọ̀yà, màá máa wò ó."

Mo kọ ìyẹn sókè ìwé mi, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Nílé, mo ya páálí kan tẹ́jú, mo fi lẹ́ẹ̀dì ya ìkànnì náà sí i: ibi ìkéde, ibi ètò ẹni tó máa wá àti ìgbà tó máa wá, ibi ìsinmi, ibi àlàyé bí a ṣe ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Mo ń kọjá lọ sí ilé ìdáná, màá dúró, màá pa nǹkan rẹ́, màá tún un kọ. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, wò ó títí. Ó ní, "Ilé oníyàrá mélòó lò ń kọ́ yìí?" Mo ní kó má dà mí láàmú. Ó ní òun kọ́ ló ń dà mí láàmú.

Nígbà tí mo gbé e lọ bá ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn àfi ibì kan. Mo ti kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tí yóò máa bójú tó. Ó fa bírò la gbogbo orúkọ náà kọjá.

"Ohunkóhun tó bá máa jáde níbẹ̀, èmi ni n óò kọ́kọ́ rí i," ó ní. "Bí mo bá ti fọwọ́ sí i, ó lè jáde."

"Sà, bí ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́?"

"Fóònù mi ń bẹ lọ́wọ́ mi níbi gbogbo."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n mo ṣe é bó ṣe fẹ́. Nígbà tí iná bá wà, màá jókòó ti iṣẹ́ náà. Nígbà tí kò bá sí, màá máa rìn yí ilé ìkàwé ká, màá máa ka pákó àjà, títí wọn ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ tí ó pé, mo kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìkàwé, mo fi han ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀. Màmá na ọwọ́ gba fóònù tirẹ̀, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún sún un mọ́ ojú.

"Pátákó ìkéde wa náà ni," ó ní. "Àmọ́ ewúrẹ́ ò ní lè jẹ èyí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ ti jẹ ìkéde wa lára pátákó tòótọ́ rí.

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ mọ́. Ibì kan wà tí mo ti lè rí iye ẹni tó ṣí ìkànnì lójúmọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣí i, èmi nìkan ni mo sì ń rí, èmi àti ẹnì kan láti Ìkọ̀yà láàárọ̀ kùtù. Àwọn yòókù ṣì ń béèrè ohun gbogbo lórí gúrúùpù. Mo wá di ẹni tí kò lè fi fóònù sílẹ̀. Mo ń wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gba owó ìdá mẹ́wàá, mo ń wò ó lọ́jà níbi tí mo ti ń wọn epo. Mo máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, màá gbé ètò iṣẹ́ lọ sókè, màá tún gbé e sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó ń tún àga tò de àlejò tí kò dé. Ọkọ mi ti bá mi sọ̀rọ̀ títí ó sú u. Lọ́jọ́ kan, mo bi í léèrè nǹkan, n kò gbọ́ èsì. Mo tún béèrè. Ó ní, "Mo ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì."

Nínú oṣù òjò, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìjọba kéde pé ọjọ́ kejì kò ní sí iṣẹ́. Mo kọ ìkéde náà kíákíá, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kó fọwọ́ sí i. Àkúrẹ́ ló wà, ó lọ sí ìpàdé. Mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo ń da ẹja sínú ọbẹ̀, mo ń pè é. Mo ń ká aṣọ lórí okùn, mo ń pè é. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn. Ti màmá nìkan ni kò wọlé, nítorí bí òjò bá ti ṣú báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìkọ̀yà máa ń lọ. Nígbà tí mo tún pè é láàárọ̀, fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹnu ọ̀nà. Màmá ló dúró síbẹ̀. Omi ń kán lára gèlè rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ kú àárọ̀," ó ní. "Mo ti dé ibi iṣẹ́. Wọ́n ti géètì pa."

Mo fà á wọlé. Mo gbé omi kaná, mo fún un ní ìró àti súwẹ́tà mi. Nígbà tó jáde nílé ìwẹ̀, ó jókòó sí abẹ́ páálí tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ó wò mí.

"Ìyàwó, o ní kí n máa wò ó. Mo wò ó kí n tó jáde. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ pé èmi ni n óò ṣí yàrá ìkàwé."

"Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i, Mà. Mo ti kọ ọ́ láti àná."

"Ìyẹn ò hàn lójú tèmi."

Ọkọ mi ti dìde, ó ti lọ ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, ó gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja àná. Màmá bu díẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

"Kì í ṣe òjò ló dùn mí," ó ní. "Mo dúró lẹ́nu géètì, kò sẹ́nì kankan. Mo ní bóyá wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí gbogbo yín mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé ìkànnì yìí dé ni mo ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, kí n dìde. Nígbà tí òjò dá, ọkọ mi fi mọ́tò gbé e lọ sílé. Ibà mú un lẹ́yìn náà, kò lè wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Gbogbo ọjọ́ tí kò fi wá yẹn, mi ò lè jókòó. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ nínú ọgbà, màá yọjú bóyá ọ̀gá ni. Ọjọ́ tó dé, n kò jẹ́ kó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tán kí n tó wọlé bá a. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa bójú tó ojú ewé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo máa ń pẹ́."

"Bí wọ́n bá kọ ohun tí kò yẹ ńkọ́?"

"A ó pa á rẹ́, sà."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó wá ní ní ibi tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan kọ ìkéde tí kì í ṣe òótọ́, ó fi orúkọ òun sí i, òun ló sì fojú winá rẹ̀. "Láti ìgbà yẹn, ara máa ń fu mí sí ohun tí mi ò bá kà." N kò mọ ìyẹn rí. Ohùn mi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbi tí mo dúró sí.

"Ó dáa," ó ní. "Ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìkéde dán an wò. Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

Mo ní màmá yàrá ẹ̀yìn. Ó wò mí bóyá mo ń ṣeré. N kò ṣeré. Lára gbogbo wa, òun nìkan ló ń kà á.

Mo lọ bá màmá ní Ìkọ̀yà. Ó wà níta, ó ń ṣa ẹyìn, ara rẹ̀ ti ń yá. Ó kọ̀. Mo jókòó tì í, èmi náà ń ṣa ẹyìn. Ó ní òyìnbó òun kò dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ó yí ojú sí mi. "Bí mo ṣe máa sọ ọ́ gan-an?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èdè Ìkálẹ̀, ẹ̀ka èdè tiwa, ló fi kọ ọ́. Ìkéde rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ nípa ẹni tó gbé àlùmọ́gàjí yàrá ẹ̀yìn lọ tí kò dá a padà, bó sì ṣe kọ ọ́, àfi bíi pé ó dúró síwájú èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń kà á síta fún ara wọn. Ọ̀gá, tí kì í sọ ju òyìnbó lọ lẹ́nu iṣẹ́, ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Arákùnrin kan tó wá láti Èkìtì fi ẹ̀hónú hàn pé òun kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Òun àti màmá fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ lọ́jọ́ náà, màmá ní kó kọ́ èdè, òun náà ní ibi iṣẹ́ lòun wá. Láti ọjọ́ kejì, màmá ń kọ ọ́ lọ́nà méjì, ní Ìkálẹ̀ àti ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́. Nígbà tó yá, akọ̀wé gba ojú ewé ìsinmi, ọ̀gá kò sì béèrè láti kọ́kọ́ rí i mọ́.

Wọ́n ń wọ ìkànnì náà báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Lọ́jọ́ Friday, mo máa ń gba gbogbo ojú ewé kọjá. Nọ́ńbà ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ti yí padà. Ẹnì kan ti kó lọ sí ẹ̀ka míràn tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ètò iṣẹ́. Mo tún un ṣe tán, òmíràn ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a wà ní Ìlútítun, níbi tí wọ́n ti bí mi, a lọ kí ìyá mi. A ti dágbére tán kí fóònù mi tó dún. Màmá ni. Ó ní ìkànnì kò ṣí. Mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo lọ dúró níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé lẹ́yìn ilé, mo ṣí i lórí fóònù tèmi. Ó ṣí. Mo tún ṣí i. Ó ṣí.

"Mà, ẹ wo dátà yín bóyá ó ti tán."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ fóònù. "Ó ti tán, ìyàwó. Bá mi kí wọn nílé."

Ọkọ mi ti tan mọ́tò, ó ń wò mí láti inú rẹ̀. Mo tún ṣí ìkànnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó wọ mọ́tò.